Bí ẹ ṣe lè mú kí àkójọ orin karaoke bára mu lórí kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta

Ìbéèrè kan ni ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe karaoke níbi ìnáwó àti nílé ọtí máa ń bi mí jù: kí ló dé tí orin tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé kì í sí lórí ti òde? Ẹ ra orin tuntun, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tó wà nílé. Ẹ dé òde, àlejò rí orin náà nínú ìwé orin, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti ń tún gèlè ṣe kó lè bọ́ síwájú. Ẹ wá orin títí, ẹ ò rí i. Tàbí kẹ̀, ẹ rí orin, ìlù ń dún, àmọ́ ọ̀rọ̀ orin kò yọ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Kọ̀ǹpútà yín kò bàjẹ́. Àkójọ yín ló ti di méjì tàbí mẹ́ta, tí kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn.

Nítorí náà, òfin kan ló wà, òun ni gbogbo ohun tó kù dúró lé: kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ni àkójọ. Màá máa pè é ní kọ̀ǹpútà ilé. Ibẹ̀ nìkan ni ẹ ti ń fi orin kún orin, tí ẹ ti ń yọ orin, tí ẹ ti ń tún orúkọ ṣe. Àwọn yòókù ni kọ̀ǹpútà òde. Gbígbà ni tiwọn. Bí ẹ bá pa òfin yìí mọ́, software èyíkéyìí tí ẹ bá lò máa ṣiṣẹ́. Bí ẹ ò bá pa á mọ́, kò sí software tó lè gbà yín.

Windows ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ nítorí òun ni ọ̀pọ̀ yín ń lò. Ibi tí Mac bá ti yàtọ̀, màá sọ ọ́.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Kọ̀ǹpútà ilé, tó ní àyè tó fún gbogbo orin.
- Hard drive ìta kan tí ẹ ò ní lò fún nǹkan mìíràn. Òun ló máa gbé orin láti ilé lọ sí òde, òun náà ló sì máa jẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́.
- Hard drive ìta kejì, tí ẹ máa tọ́jú sí ibòmíràn. Ẹ má fò ó.
- FreeFileSync tàbí Syncthing, software ìmúbáramu tó ń mú kí fódà tó wà níbi méjì rí bákan náà. Ọ̀fẹ́ ni Syncthing. FreeFileSync jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlò ti ara ẹni; ẹ ka àdéhùn rẹ̀ bí ẹ bá ń fi ṣe iṣẹ́ ajé.
- Software karaoke kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, kí nọ́ńbà ẹ̀dà wọn sì bára mu.

Àyè wo ló tó? Orin MP3 oníṣẹ́jú mẹ́rin tó jẹ́ 192 kbps máa ń gba nǹkan bí 5.8 MB. Fáìlì CDG tó bá a rìn, ìyẹn èyí tó gbé ọ̀rọ̀ orin, máa ń gba nǹkan bí 1.7 MB. Ìyẹn ni pé orin 10,000 máa gba nǹkan bí 75 GB. Bí ẹ bá dì wọ́n sínú zip, ó máa dín díẹ̀, torí CDG máa ń súnkì dáadáa. Bí orin yín bá jẹ́ fídíò MP4, ẹ má fi ìṣirò yìí ṣe ìwọ̀n, nítorí orin kan lè gba ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ kí ẹ tó náwó: Flash tàbí hard drive olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 2 TB sí lára, yálà ní Computer Village ní Ìkẹjà ni ẹ ti rà á tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè má ju 64 GB lọ nínú. Ó máa gba gbogbo orin tí ẹ bá dà sínú rẹ̀, ó máa fi orúkọ wọn hàn yín, àmọ́ wọn ò ní dún. Ẹ fi H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux, kí orin kankan tó wọ inú rẹ̀. Ìdánwò náà máa ń pẹ́. Ẹ jẹ́ kó pẹ́.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú fáìlì tí ẹ ní

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni MP3+G. Fáìlì méjì ni orin kan: èyí tó parí sí .mp3 ló gbé ohùn, èyí tó parí sí .cdg ló gbé ọ̀rọ̀ orin. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú fódà kan náà, orúkọ wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu délẹ̀délẹ̀. Bí àlàfo méjì bá wà nínú orúkọ ọ̀kan, níbi tí ẹyọ kan wà nínú ti èkejì, wọn ò ní mọ ara wọn mọ́. Ibẹ̀ ni ìlù tó ń dún láìsí ọ̀rọ̀ ti ń wá.

Ẹ tún lè ní orin tí wọ́n ti di fáìlì méjèèjì rẹ̀ pọ̀ sínú zip kan, tàbí fídíò MP4 tó jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sọ gbogbo MP3+G di zip, orin kan sí zip kan. Fáìlì kan ò lè pàdánù ìkejì rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì dín iye fáìlì tí ẹ ń kó kù sí ìdajì. Àwọn software karaoke bíi OpenKJ àti VirtualDJ máa ń ka zip láìsí wàhálà. Ẹ ṣáà rí i pé fáìlì méjèèjì wà ní ojúde zip náà, kì í ṣe nínú fódà mìíràn tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sì dán orin mẹ́wàá wò nínú software tiyín kí ẹ tó di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

(Bí lẹ́tà CDG bá rí gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá, ẹ má lọ ra wáyà tuntun. Píksẹ́lì 300 sí 216 ni gbogbo àwòrán náà, àwọ̀ 16 ló sì lè lò lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.)

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sílé

1. Lórí kọ̀ǹpútà ilé, ẹ ṣí fódà kan tí ẹ máa pè ní *Akojo-Atijo*.
2. Nínú rẹ̀, ẹ ṣí fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan: *Ile*, *Ode1*, *Ode2*.
3. Ẹ kó orin kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sínú fódà tirẹ̀. Ẹ ò tíì pa nǹkan kan pọ̀ o.
4. Ẹ kó gbogbo *Akojo-Atijo* sórí hard drive kejì, kí ẹ gbé e kúrò nítòsí. Bí ohunkóhun bá dàrú lẹ́yìn èyí, ibẹ̀ lẹ máa padà sí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé kí ènìyàn da gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan, kó sì tẹ *Replace* nígbà tí Windows bá béèrè. Fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè máà jẹ́ orin kan náà, ọ̀kan sì ti lọ nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yọ àwọn tó tún ara wọn ṣe

Ẹ lo dupeGuru tàbí Czkawka, kí ẹ sì ní kó fi ohun tó wà nínú fáìlì ṣe ìwọ̀n, kì í ṣe orúkọ. Èyí tí àwọn software yìí bá mú pé ó bára mu pátápátá, ẹ lè yọ ẹ̀dà kan láìbẹ̀rù.

Àwọn tí orúkọ wọn jọra àmọ́ tí inú wọn yàtọ̀, etí ló máa dá ẹjọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ karaoke méjì lè ṣe orin kan náà ní ohùn tó yàtọ̀: ọ̀kan ga, èkejì rẹlẹ̀. Akọrin tó ti mọ èyí tó bá a lára mu máa mọ̀ bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ bí méjèèjì bá dára.

Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yìí gba oṣù kan lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dà tó ṣẹ́kù kò pa ẹnikẹ́ni lára.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ sọ wọ́n lórúkọ tó dúró

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà, ibí náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sá.

Ẹ yan ọ̀nà ìkọ̀wé kan kí ẹ sì dì í mú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí:

*Àmì ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà - Akọrin - Orúkọ orin*

Fún orin tí ẹ fúnra yín ṣe, pàápàá jùjú, fújì àti orin ìjọ tí kò sí lọ́jà karaoke, ẹ dá àmì tiyín sílẹ̀, bíi TIWA0001, TIWA0002. Nọ́ńbà yìí kò gbọ́dọ̀ yí padà láé, bí ẹ tilẹ̀ tún orúkọ orin ṣe. Òun ni akọrin máa kọ sórí ìwé pélébé fún yín, ọwọ́ yòówù kó fi kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà:

- Orúkọ akọrin kan, ìkọ̀wé kan. Bí KSA bá wà níbì kan, Sunny Ade níbòmíràn, King Sunny Ade ní ibi kẹta, orin ọkùnrin kan ti fọ́n káàkiri ibi mẹ́ta nínú ìwé orin yín. Ẹ yan ọ̀kan.
- Ẹ má lo àwọn àmì wọ̀nyí: \ / : * ? " < > |. Windows kì í gbà wọ́n. Mac máa ń gba púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà orin tí ẹ fi àmì ìbéèrè sí lórúkọ lórí Mac máa kọ̀ láti wọ kọ̀ǹpútà Windows, ẹ sì lè má tètè mọ̀.
- Ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà fáìlì gùn jù. Nínú ọ̀pọ̀ software lórí Windows, láti lẹ́tà drive títí dé .zip kò gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́tà 260. Fódà inú fódà inú fódà ló ń fa èyí.
- Ẹ má fi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sínú orúkọ fáìlì.

Mo mọ̀ pé ti ìkẹyìn yẹn máa dun àwọn kan nínú yín. Ó dun èmi náà, àmọ́ ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè kọ ẹ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà: ó lè mú ẹ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, kó lẹ àmì ohùn mọ́ ọn lórí, ó lè mú é tó ti ní àmì ohùn, kó lẹ àmì ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè mú e lásán, kó lẹ méjèèjì mọ́ ọn. Lójú wa, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú Windows àti Linux, orúkọ mẹ́ta ni. Mac tó ń lo disk HFS+ ti àtijọ́ tún máa ń tú lẹ́tà náà palẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó tọ́jú rẹ̀. Nípa báyìí, .mp3 àti .cdg tí ojú yín rí pé orúkọ wọn bára mu lè ṣàì mọ ara wọn, software ìmúbáramu sì lè kó orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló máa tẹ àmì ohùn lóru, nínú òkùnkùn, tí ìlà àwọn tó fẹ́ kọrin ti gùn dé ẹnu ọ̀nà?

Ẹ fi àmì sínú ọ̀rọ̀ orin tó ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán ni ọ̀rọ̀ CDG, àmì yòówù kó jẹ́ kì í yọ ọ́ lẹ́nu, ibẹ̀ ló sì ti wúlò fún ẹni tó ń kọrin.

Lórí Windows, Bulk Rename Utility máa ń yí ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo bó ṣe máa rí nínú àpẹẹrẹ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ sì ṣe fódà kan kí ẹ tó ṣe òmíràn.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ fi orin sí àdírẹ́sì kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà

Software karaoke máa ń ní database, ìyẹn àkọsílẹ̀ ibi tí orin kọ̀ọ̀kan wà. Ohun tó ń kọ síbẹ̀ ni àdírẹ́sì kíkún. Bí orin bá wà ní D:\Orin lórí kọ̀ǹpútà kan, tó wà ní E:\Karaoke lórí èkejì, àkọsílẹ̀ ti ọ̀kan kò wúlò fún èkejì rárá.

Bí orin yín bá ní drive tirẹ̀, ẹ sọ drive náà di K: lórí gbogbo kọ̀ǹpútà:

1. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti X pọ̀, kí ẹ yan *Disk Management*.
2. Ẹ fi ọ̀tún máúsì tẹ drive tí orin wà lórí rẹ̀.
3. Ẹ yan *Change Drive Letter and Paths*, lẹ́yìn náà *Change*.
4. Ẹ mú K, kí ẹ tẹ *OK*. Windows máa kìlọ̀ pé àwọn software kan lè má rí fáìlì wọn mọ́. Kò burú, torí ẹ ṣì máa tún àkọsílẹ̀ orin ṣe ní ìgbésẹ̀ 6. Ẹ ṣáà má ṣe èyí fún C:.
5. Ẹ ṣí fódà *K:\Karaoke*. Ibẹ̀ ni gbogbo orin máa wà.

Bí disk kan ṣoṣo bá wà nínú kọ̀ǹpútà òde, ẹ lo *C:\Karaoke*, kí ẹ sì lò ó lórí gbogbo wọn. Ẹ má fi orin sínú *Documents* tàbí *Music*, torí orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà máa ń wà nínú àdírẹ́sì àwọn fódà yẹn, kò sì lè bára mu láàárín kọ̀ǹpútà Bọ́lá àti ti Káyọ̀dé.

Lórí Mac, orúkọ drive ló ń dúró fún lẹ́tà: */Volumes/KARAOKE*. Bí ẹ bá rí i tó di *KARAOKE 1*, Mac rò pé èyí ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ yọ drive náà, kí ẹ tún Mac tàn.

Ní ti bí ẹ ṣe máa fọ́mátì disk: NTFS fún disk tó wà nínú kọ̀ǹpútà Windows, exFAT fún hard drive ìta tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Windows àti Mac. Mac máa ń ka NTFS, àmọ́ kì í kọ nǹkan sí i. exFAT ní tirẹ̀ kò ní àkọsílẹ̀ tó ń dáàbò bò ó nígbà tí iṣẹ́ bá já lójijì. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ń kó orin sí i, ó lè dàrú. Ẹ kó orin nígbà tí bátìrì bá kún, tàbí kí ẹ so kọ̀ǹpútà ilé mọ́ UPS.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kó orin jáde

### Ọ̀nà àkọ́kọ́: FreeFileSync

Èyí ni mo máa ń sọ fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí.

1. Ẹ so hard drive ìta mọ́ kọ̀ǹpútà ilé.
2. Nínú FreeFileSync, ẹ fi fódà ilé sí apá òsì, ti hard drive ìta sí apá ọ̀tún.
3. Ní ibi ètò ìmúbáramu, ẹ yan *Mirror*. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀tún máa rí bí òsì ṣe rí, títí kan ohun tó yẹ kó parẹ́.
4. Ní ibi tó ti ń béèrè bó ṣe máa pa fáìlì rẹ́, ẹ yan *Versioning*, kí ẹ fún un ní fódà kan tí kò sí nínú *Karaoke*. Ohun tó bá yọ kò ní ṣègbé, ibẹ̀ ló máa lọ.
5. Ẹ tẹ *Compare*.
6. Ẹ ka iye fáìlì tó fẹ́ pa rẹ́. Bí ẹ bá yọ orin márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, tó sì ń sọ pé òun fẹ́ pa 4,000 rẹ́, ẹ dúró. Fódà òsì kò tọ̀nà, tàbí drive kan kò sí níbi tó yẹ kó wà.
7. Bí iye náà bá tọ́, ẹ tẹ *Synchronize*.
8. Ẹ fi *Save* tọ́jú ètò náà pẹ̀lú orúkọ tó yé yín, bíi *Ile-si-Drive*. Òun lẹ máa ṣí nígbà mìíràn, kí ọwọ́ má ba à ṣèèṣì fi òsì sí ọ̀tún.
9. Ní kọ̀ǹpútà òde, ẹ ṣe ètò kejì: hard drive ìta ní òsì, disk inú kọ̀ǹpútà òde ní ọ̀tún.

Ẹ kíyè sí i pé inú kọ̀ǹpútà òde gan-an ni orin máa dúró sí. Hard drive ìta kì í gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì níbi òde, níbi tí wáyà ti lè fà á jábọ́ tàbí tí ẹnì kan ti lè da ọtí sí i.

### Ọ̀nà kejì: Syncthing

Èyí dára fún ẹni tí kọ̀ǹpútà òde rẹ̀ máa ń sùn sílé. Àwọn kọ̀ǹpútà máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi ilé, kò sí dátà tó ń jó.

1. Ẹ fi Syncthing sórí gbogbo wọn, kí ẹ sì fi *Device ID* mú wọn mọ ara wọn.
2. Ní kọ̀ǹpútà ilé, ẹ sọ fódà *Karaoke* di *Send Only*.
3. Ní kọ̀ǹpútà òde, ẹ sọ ọ́ di *Receive Only*.
4. Ẹ tan *File Versioning* ní kọ̀ǹpútà òde.
5. Ẹ dá Syncthing dúró pẹ̀lú *Pause* kí ẹ tó jáde lọ sí òde, kó má ba à máa da disk láàmú nígbà tí ènìyàn ń kọrin.

Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan àkójọ lórí kọ̀ǹpútà òde, Syncthing máa fi bọ́tìnnì *Revert Local Changes* hàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ á padà sí bó ṣe wà nílé. Ẹ má gbàgbé pé orin tó wà lórí òde nìkan máa lọ pẹ̀lú rẹ̀.

### Ọ̀nà kẹta, fún ẹni tí àṣẹ kíkọ kò dẹ́rù bà

`robocopy K:\Karaoke E:\Karaoke /E /XO /FFT /R:1 /W:1 /L`

Inú Windows ni robocopy ti wà, Command Prompt lẹ ti máa tẹ̀ ẹ́. Orin ilé ló wà ní òsì (K:), hard drive ìta ni ọ̀tún (E:). /L ní kó kàn sọ ohun tó fẹ́ ṣe, kó má tíì ṣe é. Ẹ yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ti kà á tán. Ẹ má gbàgbé /R:1 /W:1: bí ẹ ò bá fi wọ́n síbẹ̀, robocopy lè gbìyànjú fáìlì tó bàjẹ́ kan ní ìgbà mílíọ̀nù kan, kó sì máa sinmi ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fi /MIR sí i. Bí ẹ bá lo /MIR pẹ̀lú fódà òsì tó ṣófo, ọ̀tún náà máa ṣófo, kò sì ní bi yín léèrè.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ tún àkọsílẹ̀ orin ṣe

Lẹ́yìn tí orin bá ti dé, ẹ ní kí software karaoke tún fódà *K:\Karaoke* yẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń gba àkókò díẹ̀, àmọ́ òun ló dájú jù.

Àwọn kan máa ń ṣe ẹ̀dà database láti ilé lọ sí òde kí wọ́n má ba à dúró. Ó ṣeé ṣe bí àdírẹ́sì bá bára mu. Ẹ ṣáà ti software pa ní kọ̀ǹpútà méjèèjì kí ẹ tó ṣe é. Ẹ má fi database tó wà ní ṣíṣí sínú Syncthing tàbí Dropbox láé. Inú database yìí náà ni orúkọ àwọn akọrin àti ohùn tí wọ́n ti yàn sábà máa ń wà. Bí ẹ bá fi ti ilé bo ti òde mọ́lẹ̀, ẹ lè pàdánù ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ lóru Sátidé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àṣẹ yìí ka iye orin ní kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, nínú Command Prompt:

`dir K:\Karaoke\*.zip /s /b | find /c /i ".zip"`

Lórí Mac, nínú Terminal:

`find /Volumes/KARAOKE/Karaoke -iname "*.zip" | wc -l`

Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ bára mu. Ìgbà tó bá bára mu ni kí ẹ tó tẹ ìwé orin tuntun jáde, láti kọ̀ǹpútà ilé.

## Orin tí ẹ rà nígbà tí ẹ wà lóde ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ìyàwó fẹ́ orin kan dandan, ẹ sì rà á lórí fóònù níbẹ̀. Ẹ má fi sínú *K:\Karaoke*. Ẹ ṣí fódà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, *K:\Tuntun*, kí ẹ sì ní kí software máa wo fódà yìí náà. Ẹ padà délé, ẹ fún un lórúkọ tó tọ́, ẹ kó o wọ àkójọ ilé, ẹ wá yọ ọ́ kúrò nínú *Tuntun*. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Syncthing lè jẹ́ kí *Tuntun* ti òde máa lọ sílé fúnra rẹ̀: òde ni *Send Only*, ilé ni *Receive Only*.

Ẹ tún ka àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ẹ ń ra orin, kí ẹ wò ó bóyá ó gbà yín láàyè láti fi sórí kọ̀ǹpútà tó ju ẹyọ kan lọ.

## Bí ọ̀nà yìí kò bá bá yín mu

Hard drive kan ṣoṣo tí ẹ ń gbé kiri. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, kò sì sí ohun tí ẹ máa mú bára mu. Bó bá jábọ́, òde parí. Bí ẹ bá máa ṣe é, ẹ ra SSD ìta, kí ẹ sì ní ìkejì rẹ̀ nínú báàgì.

Google Drive, OneDrive, Dropbox. Wọ́n dára fún ẹ̀dà ìpamọ́ bí ẹ bá ní dátà tó lè gbé 75 GB. Ẹ ṣọ́ra: OneDrive lè fi orúkọ fáìlì hàn nígbà tí fáìlì gan-an ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọ̀tún máúsì tẹ fódà orin, kí ẹ yan *Always keep on this device*, kí ẹ sì pa Wi-Fi, kí ẹ wò ó bóyá orin máa dún.

Karaoke olówó oṣooṣù bíi KaraFun. Kò sí àkójọ tí ẹ ń tọ́jú. Àmọ́ ẹ wá orin Yorùbá tí àwọn àlejò yín ń béèrè níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Orin tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan, tí òmíràn ń fi Wi-Fi kà á. Ẹ ṣe é nílé bó bá wù yín. Níbi òde, rárá.

## Kí ẹ tó gbéra

- [ ] Iye orin ti kọ̀ǹpútà òde bá ti ilé mu
- [ ] Ẹ ti pa Wi-Fi, ẹ sì ti dán orin márùn-ún wò: àtijọ́ méjì, tuntun mẹ́ta
- [ ] Ọ̀rọ̀ orin ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n
- [ ] Ẹ ti dá Syncthing àti àtúnṣe Windows dúró
- [ ] Kọ̀ǹpútà òde kejì ti gba agbára, ó wà nínú báàgì
- [ ] Hard drive ìta kan ṣẹ́kù sílé

## Bí nǹkan bá yí

FreeFileSync ní gbogbo orin ti yí padà, ẹ ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kí drive náà jẹ́ FAT32. Ẹ̀yin tó wà ní London ni èyí ń bá jà jù, torí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni aago ibẹ̀ máa ń yí ní wákàtí kan, aago inú FAT32 kò sì mọ̀. Ẹ fi wákàtí kan sí *Ignore time shift* nínú ètò *Compare*, tàbí kí ẹ sọ drive náà di exFAT lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó orin kúrò lórí rẹ̀.

Orin wà nínú fódà, software kò rí i. Ẹ tún fódà yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì yọ, ẹ ṣí zip náà: bóyá .cdg kò sí nínú rẹ̀, tàbí fódà kan wà láàárín.

Orin bẹ̀rẹ̀, ó dúró lójijì ní ibì kan náà nígbà gbogbo. Ẹ̀dà yẹn kò dé tán. Ẹ fi *File content* ṣe *Compare* fún fódà yẹn nìkan, kí ẹ sì kó o lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá jẹ́ pé ti ilé náà ń dúró níbẹ̀, ẹ wá a nínú *Akojo-Atijo*.

Orin kọ̀ọ̀kan yọ lẹ́ẹ̀mejì, èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `._`, kò sì dún. Mac ló fi wọ́n sílẹ̀ lórí drive exFAT. Ẹ fi àṣẹ yìí gbá wọn kúrò lórí Mac náà:

`dot_clean -m /Volumes/KARAOKE`

Lẹ́yìn náà, ẹ fi `*\._*` sínú ohun tí FreeFileSync kò gbọ́dọ̀ kó, tàbí `._*` sínú fáìlì *.stignore* ti Syncthing, kí ẹ sì tún àkọsílẹ̀ orin ṣe.